Ẹni Tó Rán Wa Níṣẹ́: Ọmọlúàbí àti Yíyan Agbaṣẹ́ṣe

Ní ọdún 1975, ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sójú òkun Èkó, wọ́n ń retí àyè láti já ẹrù ní èbúté Àpápá. Sìmẹ́ǹtì ló kún inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Owó epo ń ya wọlé fún Nàìjíríà nígbà náà, ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì fẹ́ kọ́lé, kó ṣe ọ̀nà, kó kọ́ bárékè fún àwọn ọmọ ogun. Èrò náà dára. Bí wọ́n ṣe yan àwọn tí yóò kó sìmẹ́ǹtì wá ni kò dára. Àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìwé àdéhùn 109 ni ìjọba tọwọ́ bọ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ 68, fún sìmẹ́ǹtì tó ju mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù lọ. Owó rẹ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù kan dọ́là. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tí àwọn èbúté wa lè gbà lọ́dún kan kò ju mílíọ̀nù kan sí márùn-ún tọ́ọ̀nù lọ.

Mẹ́rin nínú àwọn iléeṣẹ́ náà jẹ́ ti New York. Wọn kì í ṣe sìmẹ́ǹtì fúnra wọn. Alágbàtà ni wọ́n, wọ́n ń rà níhìn-ín, wọ́n ń tà lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, tọ́ọ̀nù 240,000 ni wọ́n gbé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 60 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ilé ẹjọ́ tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú gbogbo àwọn tí ìjọba bá ṣàdéhùn, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ìjọba retí pé yóò lè jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìṣirò yẹn kò bọ́ sí i. Ọkọ̀ ń dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, owó dẹ́mọ́réèjì, ìyẹn owó tí ọkọ̀ ń gbà lójoojúmọ́ tí ẹrù rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, ń ga sí i.

Nígbà tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed gba ìjọba ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n ní kí sìmẹ́ǹtì dúró ná. Àwọn iléeṣẹ́ gbé wa lọ sílé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní New York àti ní Frankfurt ní Jámánì. Báńkì àgbà ilẹ̀ wa, tí wọ́n pè lẹ́jọ́ pẹ̀lú, sọ fún ilé ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù pé apá ìjọba ni òun, pé ẹnikẹ́ni kò lè pe òun lẹ́jọ́. Ní 1977, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tí Lord Denning wà lára àwọn adájọ́ rẹ̀, ní rárá: ẹni tó bá bọ́ sọ́jà láti ṣòwò, kó ṣe bí oníṣòwò. Títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń ka ẹjọ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Trendtex.

Àwọn tó kó sìmẹ́ǹtì wá ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bú tí ìtàn yìí bá délẹ̀. Ojúkòkòrò wà lọ́dọ̀ àwọn náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó yan wọn ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ gbé lé òṣùwọ̀n. A ti sọ ọ́ di àṣà pé kọngílá nìkan là ń wá ọmọlúàbí lára rẹ̀: ṣé ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àbí ó jẹ owó sá lọ? Mo gbà pé ìwà ẹni tó gbé iṣẹ́ jáde ló ń pinnu irú kọngílá tí yóò wá kanlẹ̀kùn rẹ̀. Iléeṣẹ́ tí kì í ṣe ìwádìí, onírọ́ ni yóò rí. Èyí tó ń gba rìbá, ẹni tó lè san rìbá ni yóò máa rí. Ibi tí wọn kì í ti í san owó oníṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹni tó ti fi owó ìyà kún iye ọjà rẹ̀ ni yóò máa dé ibẹ̀.

Òtítọ́ ni àkọ́kọ́ nínú ìwà tó yẹ kí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ jáde ní. Ọmọlúàbí kì í fún èèyàn mẹ́wàá ní ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó wá máa gbàdúrà pé kí mẹ́jọ má lè wá. Ohun tí a kò nílò, a kì í ní kí wọ́n kó o wá. Kí ìgbìmọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò kó ọjà, ó yẹ kí wọ́n ti mọ iye tí wọ́n fẹ́, ìgbà tí wọ́n fẹ́ ẹ, ibi tí wọ́n máa kó o sí, àti ibi tí owó rẹ̀ ti máa wá.

Èkejì ni ìwádìí. Ìyá tó bá lọ ra ẹ̀wà lọ́jà kì í fi ti ẹnu àpò ṣe. Ó máa ń ki ọwọ́ bọ àpò dé ìsàlẹ̀, á bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́, á wo kòkòrò, á wo òkúta, lẹ́yìn náà ni á tó béèrè iye. Ẹni tí a fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá fún náà ní ìsàlẹ̀ tó yẹ ká wò: irú iṣẹ́ wo ló ti ṣe rí, ta ló ṣe é fún, ṣé irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó ń san owó orí, ṣé ó ń san owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀? Iye owó tó kéré jù kò tó. Òfin ìjọba àpapọ̀ pàápàá kò sọ pé ẹni tí owó rẹ̀ bá ti kéré ni kó gba iṣẹ́. Ó ní ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù láàárín àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n ni.

Òwe kan wà tí àwọn tó ń pín iṣẹ́ fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ fẹ́ràn láti fi gbèjà ara wọn: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. N kò bá òwe àwọn baba wa jà. Ẹni tó gbàgbé ilé rẹ̀ kì í ṣe ẹni à ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tó ni ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá jẹ́ owó àpò rẹ lo fi rà á, so ó mọ́ ọmọ rẹ nídìí, kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́. Owó iléèwé, owó ilé ìwòsàn, owó ìjọba ìbílẹ̀, owó ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí kì í ṣe owó àpò ẹnì kan. Ìlẹ̀kẹ̀ gbogbo ìlú ni. Ẹni tó bá mú un sídìí ọmọ tirẹ̀, olè ló ń jà, agbádá yòówù kó wọ̀. Òwe tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Aráàlú ló rán wa. Wọn kò sí nínú yàrá tí a ti ń pín iṣẹ́, àwọn gan-an ló sì yẹ ká máa bẹ̀rù.

Ìjọba ti gbìyànjú láti fi òfin ti ìwà yìí lẹ́yìn. Nígbà Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, Oby Ezekwesili darí ọ́fíìsì tó ń yẹ iye owó kọ́ńtíráàtì wò, débi pé àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Madam Due Process. Ní 2007, òfin lórí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń ra ọjà àti bó ṣe ń gbé iṣẹ́ jáde dé. Ẹ wo bí òfin yẹn ṣe fẹ́ kí wọ́n máa ṣe é. Àpótí kan wà tí wọ́n ti tì pa, tí kò ṣeé jí ṣí. Olúkúlùkù tó ń du iṣẹ́ yóò ju àpòòwé rẹ̀ tó ti lẹ̀ pa sínú rẹ̀. Bí àkókò bá pé, ojú gbogbo wọn ni wọ́n ti máa ṣí i. Aṣojú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ kan yóò jókòó níbẹ̀, aṣojú ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu náà yóò wà níbẹ̀. Wọn yóò ka orúkọ àti iye owó ẹnì kọ̀ọ̀kan sókè, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń du iṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ búra nínú ìwé bóyá òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀ ní ọwọ́ nínú iléeṣẹ́ òun tàbí kò ní.

Ìlànà yìí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọkùnrin kan á gbé ìwé iléeṣẹ́ mẹ́ta wá, tirẹ̀ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n á kọ irú ọjà tí wọ́n fẹ́ lọ́nà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá a mu. Wọ́n á gé iṣẹ́ kan sí mẹ́rin kó má baà dé iwájú ọ̀gá tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ka irú nǹkan báyìí sí ọ̀ràn. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ló wà fún ẹni tó bá dá a, láìsí àyè owó ìtanràn. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n dára fún ẹni tí kò ní ìtìjú. Ọmọlúàbí kò ní dúró dè é.

Lẹ́yìn tí a bá ti yan ẹni tí yóò kó ọjà wá, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọkọ̀ kó àpò ìrẹsì dé iléèwé tó ní ilé ìgbé. Alábòójútó sítọ́ọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ka àpò níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́. Yóò wọn díẹ̀ lórí ìwọ̀n, yóò ní kí wọ́n fa ọ̀kan jáde lábẹ́, yóò tú u, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sáńpù tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá. Lẹ́yìn náà ni yóò tó fọwọ́ sí wébíìlì. Alábòójútó mìíràn á gbé wébíìlì lé iwájú ọkọ̀, á buwọ́ lù ú, á sì ti nǹkan bọ àpò. Lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, agbaṣẹ́ṣe yóò kọ́ pé ojú wà lára iṣẹ́. Ẹnì kejì ti kọ́ ọ pé ebi àwọn ọmọ kò ṣe pàtàkì.

Àkọsílẹ̀ irú èyí ló yẹ ká fi máa ṣèdájọ́ agbaṣẹ́ṣe lọ́dọọdún: ìgbà mélòó ló pẹ́, iye ọjà tí a dá padà, ohun tó ṣe nígbà tí a fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án. Ká sì pè é jókòó kó sọ ti ẹnu rẹ̀, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Nígbà mìíràn, àwa gan-an la fi owó falẹ̀ tó fi pẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí kò tíì ní àkọsílẹ̀, kò yẹ ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Iṣẹ́ kékeré ni ká fi dán an wò, ká má fi iṣẹ́ ńlá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló dùn mí jù. Obìnrin kan ń kó ata, ẹja àti ewébẹ̀ fún ilé ìtura. Ó yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ra ọjà, ó kó o dé láàárọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n sè é, wọ́n tà á, oníbàárà sanwó, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kọjá, obìnrin yìí ṣì ń gbọ́ pé ọ̀gá kò sí nílé. Òfin 2007 ní bí owó iṣẹ́ ìjọba bá ju 60 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tí ìwé owó ti délẹ̀, gbèsè tó pẹ́ ni, kí èlé gorí rẹ̀. Iléeṣẹ́ aládàáni kò nílò òfin kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹni tó jẹ oúnjẹ yẹ kó san owó oúnjẹ. Iléeṣẹ́ tó ń béèrè ìwà rere lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà fún un, tó sì ń jókòó lé owó wọn, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan agbaṣẹ́ṣe, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi mú ẹni tí ẹ mú sílẹ̀ ní kedere, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí kò rí iṣẹ́ gbà kà á. Ẹni tí ìwé bẹ́ẹ̀ bá ń bà lẹ́rù, kó tètè dìde lórí àga náà, kí ẹlòmíràn jókòó.