Ta Ló Ní Kí Wọ́n Kọ́lé Sétí Odò?

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wa bí omíyalé bá ti ṣọṣẹ́ nílùú. Wọ́n lè má tíì sin òkú tán, àwọn ọmọdé lè máa sùn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá ilé ìwé, a ó ti máa bi ara wa nínú mọ́tò àti níbi tí a ti ń ka ìwé ìròyìn pé, "Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n kọ́lé sétí odò?" Ìbéèrè náà dùn-ún gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí ó jọ pé kì í ṣe kí a lè mọ òótọ́ ni a ṣe ń béèrè rẹ̀. Kí ọkàn wa lè balẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá ni.

Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí omi lè ṣe. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún kọjá ààlà, ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, àwọn tó sì bá a lọ lé ní 200. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Odò náà ti kìlọ̀ ní 1963, ó tún kìlọ̀ ní 1978. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ó wó afárá, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni a máa ń sọ. Àwọn kan á ní, "Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ta ni ká mú?" Àwọn mìíràn á ní, "Àwọn ló fọwọ́ ara wọn fà á." Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n já sí: ìjọba kò jẹ̀bi, àwa náà kò sì jẹ gbèsè kankan. Lóòótọ́, Ọlọ́run ló ni òjò. Ṣùgbọ́n ta ló ni gọ́tà tí ó dí? Ta ló ni afárá tí ojú rẹ̀ kò gba omi? Ṣé Ọlọ́run náà ló ń fọwọ́ sí pláànù ilé ni?

Ẹ jẹ́ kí a tọpa ilé etí odò náà wò. Ọmọ onílẹ̀ ló ta ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníná mànàmáná wá, wọ́n fa wáyà sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ ń rán èèyàn wá gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣòwò níwájú rẹ̀. Nígbà ìbò, àwọn olóṣèlú mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n tilẹ̀ lẹ fótò ara wọn mọ́ ògiri rẹ̀. Ìjọba tó mọ ọ̀nà ilé kan nígbà tó fẹ́ gba owó àti ìbò, kò yẹ kó ṣìnà nígbà tí omi bá wọ ibẹ̀.

Àwọn tó ń gbé inú ilé náà ńkọ́? Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọn kò yan odò, iye owó yàrá ló yàn án fún wọn. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ kò lè gba yàrá ní Bódìjà.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe tálákà nìkan ló ń gbé ibi tí omi ń halẹ̀. Ní Èkó, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òkun fi ń ya wọ Victoria Island láti Bar Beach. Kí ni ìjọba ṣe? Wọ́n kó yanrìn dà sí i léraléra, nígbà tó yá wọ́n mọ odi dí i. N kò rí i kí ẹnikẹ́ni dúró bi àwọn olówó ibẹ̀ pé ta ló rán wọn létí òkun. Ìbéèrè tí a kì í bi olówó, kí ló dé tí a fi ń bi tálákà?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó ń da pàǹtí sínú odò ń ṣe ibi, ẹni tó sì kọ́lé dí ojú àgbàrá yẹ ní bíbáwí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Pàápàá, pàǹtí tí wọ́n dà sí òkè odò, ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń ba jẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ lè wà lókè, kí ẹni tó kú wà nísàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí: àánú ni tàbí ẹ̀tọ́? Bí àwọn aláṣẹ bá pín àpò ìrẹsì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ya fótò, a máa ń ní wọ́n ṣàánú. Àánú kọ́ o. Láti 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ ìrànwọ́ pàjáwìrì sílẹ̀, tí àjọ NEMA sì gba ipò rẹ̀ ní 1999. Láti 1981 sì ni a ti ń yọ owó ọ̀tọ̀ lára owó orílẹ̀-èdè nítorí ọ̀gbàrá, omíyalé àti irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Owó gbogbo wa ni, owó ìyá ẹlẹ́kọ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gba ohun tirẹ̀ kò yẹ kó kúnlẹ̀ gbà á.

Àwọn kan á ní bí a bá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn á tún padà síbẹ̀. Wọn á padà lóòótọ́, bí a bá fún wọn ní ìrẹsì láìfún wọn ní ibòmíràn tí agbára wọn ká. Kí katakata wó ilé tálákà, kí a sì fi í sílẹ̀ lójú títì, omíyalé kejì nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí òjò bá tún ṣe tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ibi tí àwọn tó yè yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, kí a béèrè ibi tí owó gọ́tà wọlé sí. Bí a bá ti rí ìdáhùn méjèèjì gbà, a lè wá béèrè ẹni tó ní kí wọ́n kọ́lé sétí odò.