Ǹjẹ́ Òótọ́ Lè Tan Ènìyàn Jẹ?



Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè wà lókè nígbà tí ènìyàn bá ń wá ọjà lórí Google. Google fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà ipò kìíní fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, bí oṣù bá parí, wọn a mú ìwé tọ̀ ọ́ lọ: "Alàájì, ipò kìíní lẹ wà o." Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú ta ni? Google a máa wo ibi tí ẹni tí ń béèrè wà. Ohun tí ó fi han ará Sábóngàrí ní Kánò lè yàtọ̀ sí ti ará Kàdúná. Tàbí kẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í wá ni wọ́n fi gba ipò náà.

Àwọn mìíràn yóò wí pé irọ́ dà níbẹ̀, nígbà tí iye náà pé. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Kóńgò tí a tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, kóńgò náà ni ó ṣì ń jẹ́. Ẹni tí ó ra gàrí ni yóò mọ̀ nílé. Alàájì kò tilẹ̀ ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n wò: ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kọ ìlú tí ẹ ti wò ó, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ iye ènìyàn tí ó tipa bẹ́ẹ̀ wá wo ọjà náà. Bí ọ̀rọ̀ tí ń mú oníbàárà wá bá sì ti já láti ipò 3 sí 14, ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, bí ó tilẹ̀ lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín.