Ẹni Tó Wá Mú Wọn Kì í Ṣe Àlejò

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, wọ́n kó ọmọ 116 padà láti Nàìjíríà sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Òkúta ni wọ́n ń fọ́ ní kúárì nítòsí Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún 10 sí 15 ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn míì kéré jù bẹ́ẹ̀.

Gbọ́mọgbọ́mọ kọ́ ló jí wọn gbé. Agbègbè Zakpota ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ọmọ ìlú wọn tó ti dé Nàìjíríà ló sì máa ń wá mú wọn. Á wọṣọ tó dáa, á kí bàbá, á kí ìyá, á fi owó díẹ̀ lélẹ̀. Ó ní tí ọmọ bá ti ṣiṣẹ́ tán, kẹ̀kẹ́ tuntun ni yóò gùn wálé. Ṣé bàbá tí kò ní kò ní súre?

Òòlù àti eruku ni ọmọ bá níbẹ̀. Wọ́n ń fọ́ òkúta, wọ́n ń dì í sínú típà, ọ̀gá ń gbowó. Àwọn kan kú síbẹ̀. Àwa Yorùbá la sì ń fi òkúta yẹn kọ́lé; a kì í bi onítípà pé ta ló fọ́ ọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn tí wọ́n kó wọn délé, àwọn kan tún padà sí kúárì. Àìní tó lé wọn jáde ṣì wà nílé.

Ará Ìdó-Ilé, ìlú wa l'Ékìtì, lè ní ọ̀rọ̀ ará Bẹ̀nẹ̀ lèyí. Ìjerò tó wà nítòsí wa náà ní kòtò kùsà tirẹ̀. Ta ni kò sì mọ àǹtí tó ń wálé lọ́dún, tó ń wá ọmọ tí yóò máa bá a gbọ́mọ l'Ékòó? Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí kò rówó ilé-ìwé, tí ìyá àgbà ń bẹ Ọlọ́run pé kó rán olùrànlọ́wọ́ sí, òun lewu ń dọdẹ jù. Tí àǹtí bá dé, wọ́n á ní àdúrà gbà.

Ẹ bi í ní ilé-ìwé tí ọmọ yóò lọ. Ẹ ní kí ọmọ máa pè yín láìjẹ́ pé àǹtí náà dúró tì í. Òfin Nàìjíríà tí wọ́n tún ṣe ní 2015 sọ pé ẹni tó bá fi ọmọ tí kò tó ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lè fẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 7 jura, òfin kan náà ló sì de ẹni tó bá a wá ọmọ náà àti ẹni tó gbé e lọ.