Ohun Tí Oníbàárà Ò Bèèrè

Ní Mende l'Ékòó, bí èèyàn bá ti Maryland wọlé láti ojú ọ̀nà Ìkòròdú, kò ní rìn jìnnà kó tó rí mọ́tò tí wọ́n lẹ "For Sale" mọ́ gíláàsì rẹ̀. Ọ̀kan á wà níwájú ilé ìtajà oògùn, òmíràn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ẹni tó ń tà wọ́n lè má ní ọ́fíìsì. Agbòjò ńlá kan, àga oníke méjì àti fóònù tí kì í sinmi ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ kò yọjú, ó wá ń bá àwọn oníṣòwò ńlá wá oníbàárà. Wọ́n á dá iye tí wọ́n fẹ́ gbà fún un, òun náà á gbé tirẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ó kó owó àjọ, ó yá owó kún un, ó sì ra mọ́tò àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀, Toyota Corolla kan, níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá pè mí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan." Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹrẹ̀ gbígbẹ wà nídìí àwọn nọ́ọ̀tì tó di ìjókòó mú, àwọn nọ́ọ̀tì náà sì ti ń dípẹtà. Mọ́tò tó wuyì lójú báyìí ti mu omi rí. Kò mọ̀ nígbà tó ń rà á. Fọ́tò ló wò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí òwò ti gbà á nímọ̀ràn: kó gbé e fún àwọn tó ń fọ inú mọ́tò, kó fín lọ́fínńdà sí i, kó dákẹ́. Ó wò mí lójú. "Ẹni tó bá bi mí, mi ò ní purọ́ fún un, sà. Ẹni tí ò bá bi mí ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀ kó tó di orúkọ mọ́tò àlòkù tó ti òkè òkun wá. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí wọ́n gbé wálé, òun là ń sọ ní Tòkunbọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé, a kì í bi í léèrè ohun tójú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún. A ó gbé e jó ni. Mo máa ń rò ó pé ibẹ̀ ni wàhálà wa pẹ̀lú mọ́tò àlòkù ti ṣẹ̀: a fún irin lórúkọ ọmọ, a sì ń fi ayọ̀ gbà á bí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ irin ló yẹ ká bi léèrè ìrìn àjò rẹ̀.

Kì í ṣe pé a ti ń ra àlòkù láti ayébáyé. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò, olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba sì ń rí tuntun rà. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, tuntun kọjá agbára olówó oṣù, àlòkù láti ilẹ̀ Yúróòpù sì gba ipò rẹ̀. Bẹ́ljíọ̀m wọ̀ wá lára débi pé àwọn tó ń ta pààtì ní ọjà Ládípọ̀ ṣì ń pe ẹ́ńjìnnì àlòkù ní "Belgium", ì báà jẹ́ Jàpáánù ni wọ́n ti ṣe é. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà á pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, mọ́tò àlòkù tí wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan lọ tà sí òmíràn tó mílíọ̀nù 14. Ìdá 40 nínú 100 wọn ló wá sí Áfíríkà. Àwa wá ń sọ wọ́n lórúkọ bí ẹni ń kómọ jáde: Camry kan ń jẹ́ Muscle, òmíràn ń jẹ́ Big Daddy, Honda Accord kan sì ń jẹ́ Evil Spirit. Ẹni tó sọ tìkẹyìn yẹn lórúkọ mọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ òwò yìí lónìí, ìwé ló máa kọ́kọ́ dán an wò. Láti oṣù January 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èbúté nìkan ló kù. Àmọ́ Kútọnu ní ilẹ̀ Benin kò jìnnà, ọ̀nà ẹ̀bùrú sì pọ̀. Mọ́tò tó bá gba ibẹ̀ wọlé máa ń dín lówó, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó tà á ti gba owó lọ. Ẹni tó rà á ni wọ́n máa dá dúró lójú títì, tí wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ìyàwó àti ọmọ. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nílò àròkọ kó tó mọ̀ pé olè ni ìyẹn.

Ti Corolla yìí ló ṣòro, torí kò sí ẹni tó purọ́ níbẹ̀. Ìdákẹ́ ni wọ́n fẹ́ kó dákẹ́.

Lọ́dún 1970, George Akerlof, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí mọ́tò àlòkù. Ohun tó sọ kò le láti yé èèyàn. Ẹni tó ń tà mọ àrùn tó wà lára mọ́tò, ẹni tó ń rà kò mọ̀. Nítorí pé ẹ̀rù ń ba olùrà, owó tí yóò dá lé gbogbo mọ́tò kò ní tó ti ojúlówó. Ẹni tó ní ojúlówó á wo owó náà, inú á bí i, á gbé mọ́tò rẹ̀ kúrò lọ́jà. Bó bá ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀, gbàrọgùdù nìkan ló máa kù. Àpilẹ̀kọ yìí wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2001. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín ló pa mí, torí àwọn baba wa ti fi gbólóhùn kan parí ẹ̀: òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Òwe yìí gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin yẹn fi ń tì í. Ó ti bà mí nínú jẹ́ tipẹ́ pé ẹnu oníjìbìtì ni mo ti ń gbọ́ ọ jù. Òwe náà kò ní ká lọ ta èké. Ẹjọ́ ọjà ló ń rò; ẹkún ló ń sun. Àwọn kan ló gbà á, tí wọ́n fi ń lu ìlù ijó.

A tún ti sọ ọmọlúàbí di ìdọ̀bálẹ̀. Mo ra mọ́tò kan nígbà kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó mọ èèyàn-án kí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fún mi lómi tútù, ó bi mí nípa àlàáfíà ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ago máíléèjì mọ́tò náà ka 68,000. Oṣù kejì ni mẹkáníìkì mi rí sítíkà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ti ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lókè òkun. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lé ní 190,000. Ẹnì kan ti dá ago náà padà sẹ́yìn, ó gbàgbé sítíkà. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni mo rà. Ó fi mọ́tò ṣe èènì.

Ọ̀rọ̀ sísọ wà lára ohun tí àwọn àgbà fi ń dá ọmọlúàbí mọ̀, ìdákẹ́ sì wà lára ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣùgbọ́n kí n má fi òdodo ni oníṣòwò lára kọjá bó ṣe yẹ. Bó bá pe mílíọ̀nù mẹ́fà, tí mo ní mẹ́ta, tí a jọ pàdé ní mẹ́rin àtààbọ̀, kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Ìnájà nìyẹn, àwa méjèèjì la mọ bí wọ́n ṣe ń ná an. Kò pọn dandan kó sọ iye tó rà á fún mi. Bọ́ńpà tó ha, tí ojú mi rí, kò yẹ kí n máa retí pé kó fi ìka tọ́ka sí i. Àwọn olùrà náà kì í ṣe áńgẹ́lì: ẹni tó san àsansílẹ̀ tó pòórá, ẹni tó ní òun rí irú rẹ̀ níbòmíràn ní ìdajì owó, tó sì mọ̀ pé òun ò rí i. Iye owó, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. A lè bá a ṣeré. Ara ọjà kọ́ la fi ń ṣeré, pàápàá ibi tí ojú olùrà kò lè dé: abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, inú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn ago.

Omi sì burú ju ọ̀pọ̀ àrùn lọ. Kò yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún àwa ará Mende tí Odò Ìyá Aláró ń bá lálejò lásìkò òjò. Ó ń jẹ wáyà láti inú. Mọ́tò á máa sáré dáadáa fún oṣù díẹ̀, lọ́jọ́ kan á kú lórí afárá Third Mainland, airbag sì lè má yọ lọ́jọ́ tí ẹ̀mí nílò rẹ̀. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston ní oṣù August 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò ló rì. Àwọn adójútòfò ń sanwó fún ẹni tó ni irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ "salvage" sí ìwé rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti bàjẹ́, wọ́n á tà á ní gbàǹjo. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sí ìwé. Ìwé yẹn ló máa ń sọnù lójú òkun.

Òfin wà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1972 ni òfin àpapọ̀ ti ka dídá ago máíléèjì padà léèwọ̀. Níbí náà, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ àkíyèsí tó hàn gbangba mọ́ ọn. Mi ò tíì rí mọ́tò kan ní Mende tó lẹ irú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo padà bá ọmọkùnrin náà, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni èlé orí owó tó yá. Ó sọ iye rẹ̀, mo dijú. Láti June 2023 tí báǹkì àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀, owó mọ́tò kan ti di ohun tí ọ̀dọ́ kò lè dá kó jọ. Wọ́n ń yá a, èlé sì ń gorí èlé lóṣooṣù. Èrò mi ni pé ọjọ́ tó buwọ́ lùwé owó yẹn ni ìdákẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí oníbàárà máa dé. Ẹni tó ń ta tẹlòmíràn gba kọ́míṣọ́ọ̀nù fún ọdún kan sí i, tó ń fi owó díẹ̀ wádìí ìtàn mọ́tò pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tò náà kó tó san kọ́bọ̀, ń rọra ra àyè tó fi máa lè sọ òótọ́ ni. Mo sọ fún un pé lójú tèmi, ẹni tí kò bèèrè gan-an ló ni ìdáhùn náà, torí òun ló fọkàn tán an.

Ó gbọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé funfun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú: "Omi ti wọ mọ́tò yìí rí." Ó gé owó rẹ̀ wálẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá kan dúró, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, o ṣeun tí o sọ. Ta ló fẹ́ ra mọ́tò tó ti wẹ odò?" Ó sọdá títì, ó ra òmíràn tó ń dán níbẹ̀, ní owó tó ju ti Corolla lọ. Kò bi wọ́n bóyá omi wọ̀ ọ́ rí, wọn ò sì sọ.

Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti padà sídìí kọ́míṣọ́ọ̀nù, ó ń san án díẹ̀díẹ̀. Corolla náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbòjò di bí mo ṣe ń kọ èyí. Oòrùn ti ṣá ìwé ara gíláàsì náà; ó ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì.