Iṣẹ́ Kì í Dúró De Ìwé

Bíbélì kíkà: Ẹ́sírà 5:3-5, 6:1-12

Ọba Kírúsì ti kú nígbà tí gómìnà Táténáì dé Jerúsálẹ́mù, tó ní kí àwọn tó ń kọ́ tẹ́ḿpìlì sọ ẹni tó fún wọn láṣẹ. Wọ́n ní Kírúsì ọba ni. Ẹ̀rí dà? Kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn. Táténáì kọ lẹ́tà sí Ọba Dáríúsì, ọba sì ní kí wọ́n tú ibi tí wọ́n ń kó ìwé pamọ́ sí ní Bábílónì. Ekbatana, ní ilẹ̀ Média, ni wọ́n ti wá rí ìwé àṣẹ Kírúsì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí Kírúsì ní kí wọ́n kọ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù dòní: amọ̀ rògbòdò kan tí gígùn rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà 23. Ó ti fọ́ lápá kan, àmọ́ lẹ́tà wínníwínní tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ṣì ṣeé kà. Ọdún 1879 ni wọ́n hú u jáde ní Bábílónì. Kò dárúkọ Jerúsálẹ́mù, ṣùgbọ́n ó ní Kírúsì dá àwọn ère padà sí ojúbọ wọn, ó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn padà sílé. Ní 2010, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kéde pé àfọ́kù wàláà amọ̀ méjì nínú àkójọ wọn ní ọ̀rọ̀ kan náà lára. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti wà lábẹ́ òrùlé wọn kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn mọ̀.

Bóyá ìwọ náà ń retí ìwé. O ti fẹ̀yìn tì, ò ń lọ, ò ń bọ̀ nítorí owó ìfẹ̀yìntì, akọ̀wé ní àwọn ò rí fáìlì rẹ. Tàbí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn ọ́, ẹni tí ì bá jẹ́rìí rẹ sì ti kú.

Wo àwọn àgbà Júù. Lẹ́tà ti lọ, èsì ò tíì dé, síbẹ̀ wọn ò sọ òkúta àti ìtì igi sílẹ̀, torí Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí ìwé jáde, Dáríúsì ní kí Táténáì yàgò, kí wọ́n sì fi owó-orí ọba ṣe iṣẹ́ náà. Ká ní wọ́n káwọ́ gbera ni, orí ìpìlẹ̀ lásán ni ìròyìn ayọ̀ ì bá ti bá wọn.

Máa wá ìwé rẹ, má dákẹ́. Ṣùgbọ́n má so iṣẹ́ Ọlọ́run rọ̀ títí fáìlì yóò fi jáde.

Àdúrà: Baba, bí ẹ̀rí mi bá tilẹ̀ pẹ́, má jẹ́ kí ọwọ́ mi rọ lẹ́nu iṣẹ́ tí o gbé fún mi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.