Hijira Ànábì àti Ẹrù Àwọn Ará Mẹ́kà

  

Àwọn kan lérò pé sísá àsálà nìkan ni Hijira. Lóòótọ́, ìnilára ni ó lé àwọn mùsùlùmí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622. Suhaib ar-Rumi fi ọrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn Kùráíṣì kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ. Wọ́n ya Ummu Salama nípá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí ó tó rí ọ̀nà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo òru tí Ànábì fúnra rẹ̀ jáde. Àwọn Kùráíṣì ti gbìmọ̀ láti pa á. Síbẹ̀, ẹrù àwọn ará Mẹ́kà wà nínú ilé rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní òpùrọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń kó ohun iyebíye wọn pamọ́ sí. Ànábì kò sọ pé ọrọ̀ ọ̀tá ti di ẹ̀tọ́ òun. Ó fi Ali ọmọ Abu Talib sílẹ̀. Ali sùn sórí ibùsùn rẹ̀ ní òru ewu náà, ó sì dúró ní Mẹ́kà títí ó fi dá ohun ìfipamọ́ oníkálukú padà fún un. Lẹ́yìn náà ni òun pẹ̀lú tó ṣe Hijira.

Ẹ̀yin ìran mùsùlùmí, ibí yìí ni ìtumọ̀ Hijira ti hàn sí wa. Ẹni tí ó kúrò nílùú pẹ̀lú amana ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìlú nìkan ni ó fi sílẹ̀. Kò tíì fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń lọ sí òkè òkun láti wá ìjẹ-ìmu. Ẹ̀sìn kò kọ ìrìn-àjò. Àmọ́ kí á tó gbéra, kí á bi ara wa léèrè: gbèsè ta ni ó wà lọ́rùn wa? Owó èsúsú ta ni ó wà lọ́wọ́ wa? Ta ni yóò máa bọ́ aya àti ọmọ tí a fi sílẹ̀? Àwa tí a kò sì lọ síbì kankan, Hijira tiwa wà ńlẹ̀, nítorí Ànábì kọ́ wa pé olùṣe Hijira gan-an ni ẹni tí ó jìnnà sí ohun tí Ọlọ́hun kọ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè dá amana padà kí ọjọ́ ikú tó dé, nítorí ìrìn-àjò yẹn kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àmín.