Ìwàásù Jímọ̀: Ọ̀dọ́ Tí Irun Orí Rẹ̀ Ń Re, Ṣé Kí Ó Lọ Gbin Òmíràn?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ọmọ ènìyàn ní dídá tí ó dára, tí ó fún ẹnì kan ní irun púpọ̀, tí ó sì dín ti ẹlòmíràn kù, láì ṣe àbòsí sí ẹnikẹ́ni. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń kìlọ̀ fún ara mi, mo sì ń kìlọ̀ fún yín, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè pa àwọn kan nínú yín lẹ́rìn-ín. Èmi pàápàá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbé e wá bá mi, mo sì ti tọrọ àforíjìn. Mo ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa, ẹni ọdún 23, kì í bá wa ṣe àlùwàlá pọ̀ mọ́. A ó ti ṣe tiwa tán, a ó ti wọ mọ́sáláṣí, kí ó tó dé ìdí omi. Àlùwàlá kò pé láìfi ọwọ́ tútù pa orí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun láìdé fìlà, nítorí pé irun iwájú orí rẹ̀ ti re dé àárín. Nígbà tí wọ́n lọ mọ àna, àbúrò ìyá ọmọbìnrin náà bi í bóyá òun ni bàbá ọkọ ìyàwó. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sùn ní òru ọjọ́ náà. Ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Bàbá Lèmọ́ọ̀mù, mo fẹ́ lọ gbin irun ní ilẹ̀ Túrkì. Ṣé harāmù ni?” Owó tí ó ti ń tọ́jú láti fi gba ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Òkè-Àjé ni ó fẹ́ fi lọ. Èyí tí ó kù, yóò yá a lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀sìn wí. Nínú hádíìsì tí a gbà láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah, tí ó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim, Ànábì sọ ìtàn ọkùnrin mẹ́ta nínú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì: adẹ́tẹ̀, apárí àti afọ́jú. Málékà kan tọ̀ wọ́n wá, ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ohun tí ó wù ú jù. Apárí ní irun dáradára ni, kí ohun tí àwọn ènìyàn fi ń kórìíra òun sì kúrò lára òun. Málékà kò bá a wí. Kò sọ fún un pé ohun yẹpẹrẹ ni irun jẹ́. Ó fi ọwọ́ pa orí rẹ̀, irun dáradára hù, ó sì fún un ní màlúù tí ó lóyún. Ẹ̀yìn èyí ni ìdánwò dé. Nígbà tí màlúù ti pọ̀ jaburata, málékà padà wá bí apárí arìnrìn-àjò tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó tọrọ màlúù kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ti jẹ́ apárí rí kọ̀, ó ní láti ọ̀dọ̀ àwọn bàbá òun ni òun ti jogún ọrọ̀ òun. Málékà ní bí ó bá ń purọ́, kí Ọlọ́hun dá a padà sí bí ó ti wà.

Sheikh Muhammad ibn Salih al-Uthaymin, àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Saudi tí ó kú ní 2001, fa ìtàn yìí yọ nígbà tí wọ́n bi í léèrè nípa gbígbin irun. Ó ní ó tọ́, nítorí pé dídá ohun tí Ọlọ́hun dá padà sí ààyè rẹ̀ ni, kì í ṣe yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ẹ rántí Arfajah pẹ̀lú, Sàhábé tí imú rẹ̀ gé lójú ogun: Ànábì pa á láṣẹ kí ó fi wúrà ṣe imú, wúrà tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á pọ̀ mọ́ sísọ irun ẹlòmíràn mọ́ orí. Obìnrin Ànsárì kan wá béèrè ìyẹn fún ọmọ rẹ̀ tí àìsàn mú irun rẹ̀ re, tí ìgbéyàwó rẹ̀ sì ti dé tán. Ànábì kò gbà fún un. Irun tí àwọn onígbàjámọ̀ kan ń lẹ̀ mọ́ orí ọkùnrin lóde òní, ibẹ̀ ni ó bọ́ sí lójú tèmi.

Nítorí náà mo sọ fún ọmọ náà pé kì í ṣe harāmù. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ dìde. Mo ní kí ó jókòó, ìdajì ìdáhùn ni mo tíì fún un.

Gbígbin irun kò dá irun tuntun kankan sílẹ̀. Irun ẹ̀yìn orí, tí kì í sábà re, ni wọ́n ń hú tòun ti gbòǹgbò, tí wọ́n ń gbìn sí iwájú. Ibi tí wọ́n ti hú u kò ní hù mọ́. Àká ni ẹ̀yìn orí. Bí a bá kó o tán, kò sí òmíràn. Ní ọdún 23, ta ni ó lè sọ ibi tí orí pípá náà yóò dé? Èyí tí a gbìn síwájú yóò dúró, èyí tí ó ti wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ yóò sì máa re lọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá fi máa pé ọdún 35, irun lè wà níwájú bí ọgbà tí ó dá dúró, kí àárín orí mọ́ bí àwo, kí àká sì ti ṣófo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ kì í fẹ́ ṣe é fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 25, tí àwọn mìíràn sì ń ní kí ó sún un di 30.

Irun àwa adúláwọ̀ tún ká lábẹ́ awọ, ó ṣòro láti hú láìgé e, awọ wa sì máa ń yọ àpá tí ń wú. Ẹni tí kókó ń sọ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá gẹrun, kí ó sọ fún dókítà kí abẹ tó kan orí rẹ̀. Mo sì béèrè ọjọ́ nìkàhù. Ó ní ó ku oṣù mẹ́rin. Ọmọ mi, irun tí a gbìn máa ń kọ́kọ́ re láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà, ó sì tó ọdún kan kí ó tó pé. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni orí rẹ ìbá rí ṣákaṣàka.

Kì í ṣe gbogbo irun tí ń re ni ti ìdílé. Làpálàpá wà, àìsàn wà, àìtó ẹ̀jẹ̀ wà. (Ẹ̀yin ìyá, irun dídì tí ó le jù náà wà níbẹ̀, ẹ wo iwájú orí àwọn ọmọbìnrin yín.) Ilé ìwòsàn ìjọba níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n darí rẹ̀ sí dókítà awọ ara. Oògùn wà tí a ń fi pa orí, òmíràn wà tí a ń gbé mì. Bí a bá dá a dúró, irun yóò tún máa re, èyí tí a ń gbé mì sì máa ń dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù lára ọkùnrin mìíràn. Kì í ṣe ohun tí ọkọ ìyàwó tuntun ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìbéèrè.

Ní ti owó àyálò orí fóònù, èlé ni. Ọlọ́hun ṣe èlé ní èèwọ̀, irun kò sì sọ ọ́ di hàláàlì.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù, ẹ̀yin ìjọ ni mo ń bá wí. Ta ni ó kọ́ ọmọ yìí láti máa sá fún wa ní ìdí omi? Àwa tí a ń pè é ní bàbá ni. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Suratul Hujurat kí àwọn kan máa fi àwọn kan ṣe ẹlẹ́yà, ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín lè sàn jù wá lọ. Nínú ìwé Muslim, Abdullah ibn Sarjis ròyìn pé òun rí apárí tí ó ń fi ẹnu ko Òkúta Dúdú. Umar ibn al-Khattab, olórí àwọn onígbàgbọ́, ni ó ń wí. Ẹ̀yin Alhaji tí ẹ wà ní sàfù iwájú, ṣé ẹ kò fá orí yín kodoro ní Mina? Ànábì ṣàdúà fún àwọn tí ó fá orí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún àwọn tí ó gẹ̀ ẹ́. Ní Ojúde Ọba, fìlà ni gbogbo wa ń dé. Ta ni ó mọ orí ẹnìkejì rẹ̀?

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, n kò lè pinnu fún un. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó ṣí fìlà fún ọmọbìnrin tí yóò fẹ́, kí ó sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un kí nìkàhù tó dé. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní òun ti mọ̀ tipẹ́, owó ṣọ́ọ̀bù ni kò yé òun. Ó ti lọ rí dókítà pẹ̀lú. Kò tíì sọ fún mi bóyá yóò gbìn ín bí ó bá yá, n kò sì bi í.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin àti gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.